Àkọsílẹ̀ Adágún Ẹ̀yìnkùlé: Bí A Ṣe Kó Òṣíbàtà àti Ẹja Sínú Omi Tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní apá ibi tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti ń wọ ìlú, kò ní ju igi kájú méjì àti ebè àgbàdo díẹ̀ lọ kí a tó gbẹ́ adágún sí i nínú oṣù Èrèlè ọdún 2024. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ sì gbẹ dé ìsàlẹ̀, nítorí náà kò sí omi tí yóò máa dí àwọn tí ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́. N kò ní pẹ́ lórí gbígbẹ́ náà, torí pé ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ sínú àkọsílẹ̀ yìí ni bí ewéko àti ẹja ṣe dé inú omi, àti ìdí tí mo fi ní láti ṣe apá kan iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Adágún náà rí bí ẹyin. Ó gùn ní mítà 14, ó sì fẹ̀ ní mítà 8 níbi tí ó ti fẹ̀ jù lọ. A fi àtẹ̀gùn kan tí ó fẹ̀ tó mítà kan sílẹ̀ yí i ká, tí omi orí rẹ̀ kò ju sẹ̀ntímítà 40 lọ, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń rọra jìn lọ sí àárín, níbi tí ó ti tó mítà kan ààbọ̀. Yangí ni ilẹ̀ wa níbẹ̀, omi kì í dúró nínú rẹ̀, nítorí náà a ra amọ̀ ọkọ̀ típà márùn-ún láti àkùrọ̀, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń tẹ amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ilé láyé àtijọ́, a sì tẹ́ ẹ kárí inú kòtò náà títí tí ó fi nípọn tó sẹ̀ntímítà 25. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, omi tí yóò kún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 80,000, èyí tí í ṣe dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 lọ́nà irinwó.

Kí omi tó wọ inú rẹ̀, mo da kílò 15 láìmù àwọn àgbẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fi ràkì tú u ká. Omi òjò ni mo ń retí pé yóò pọ̀ jù nínú omi adágún náà, omi òjò kò sì ní èròjà òkúta nínú. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá tún kan, omi náà yóò kan, ẹja kò sì ní gbádùn rẹ̀. Láti oṣù Igbe títí di ìparí oṣù Ẹ̀bibi ni òjò orí òrùlé, tí mo fi páìpù darí, àti omi kànga fi kún un.

Kó tó kún tán ni ìyá mi ti wá wò ó. Wọ́n dúró létí rẹ̀, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Káyọ̀dé, ṣé ẹ̀fọn ni o fẹ́ máa sìn ni?" Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá wa, ẹja ni yóò jẹ tanwíjí wọn." Wọ́n ní, "Ẹja náà dà?" Èsì kò sí lẹ́nu mi, nítorí pé lóòótọ́ ni tanwíjí ti ń jó nínú omi náà. Mo bu omi pẹ̀lú abọ́ funfun kan níbi mẹ́wàá létí adágún, mo sì ka ohun tí mo rí: èyí tí ó pọ̀ jù ní 37, èyí tí ó kéré jù ní 9. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ kí n lè ní ohun tí n ó fi wé tí ẹja bá dé. Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà ni mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, ìyẹn ni pé ọmọdé lè kó sínú omi. A fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a sì fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọjọ́ 8 oṣù Òkúdu

Ewéko ni mo fi ṣíwájú. Gbogbo ènìyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ó ń bi mí pé nígbà wo ni ẹja yóò dé, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́kàn mi pé omi tí kò ní ewéko kò tíì di ilé fún ẹja. Ewéko ni ń fa ọ̀rá inú omi, ìyẹn àwọn ohun tí ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ń dà sílẹ̀, mu bí ajílẹ̀. Bí kò bá sí ewéko, èéhù kéékèèké tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀, omi yóò sì di bí ọbẹ̀ ewédú. Abẹ́ ewé sì ni ọmọ ẹja ń sá sí nígbà tí oòrùn bá mú tàbí tí ẹyẹ bá dé.

Èmi àti ọmọ àbúrò mi gbéra ní àárọ̀, a lọ sí àkùrọ̀ kan lápá Odò Ọbà, níbi tí òṣíbàtà ti hù bo omi tí ó dúró. A tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí a tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fa òṣíbàtà tu rí yóò rò pé ewé orí omi yẹn ni ohun tí òun ń wá, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ta kókó bí iṣu kékeré nínú ẹrẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. A fi ọwọ́ wá a, a sì tú u pẹ̀lú ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni a mú. A mú ojú oró méjìlá pẹ̀lú, nítorí pé ó léfòó lọ́wọ́ wa ní tirẹ̀, a kò sì wá a. Lábẹ́ omi, a rí koríko kan tí ó rí bí ìrù ológbò, tí kò ní gbòǹgbò rárá, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ceratophyllum. Èyí ni mo ka sí pàtàkì jù lọ nínú ẹrù ọjọ́ náà, nítorí pé inú omi gan-an ni ó ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí ní ọ̀sán, nígbà tí ojú oró ní tirẹ̀ ń tú u sí òde, sí ojú ọ̀run tí kò ṣaláìní.

N kò kó ọ̀kankan nínú wọn sínú adágún lọ́jọ́ náà. Inú dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tí mo gé sí méjì ni mo kó wọn sí, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Ìṣáwùrú ni ó fa èyí. Àwọn ìṣáwùrú inú omi dídúró kan wà tí wọ́n ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àrùn tí ó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò náà kò lè dàgbà bí kò bá kọ́kọ́ wọ ara ìṣáwùrú, láti ara ìṣáwùrú ni ó sì ti ń bọ́ sínú omi láti wọ awọ ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá wọ odò. Àwọn ọmọ inú ilé mi yóò wọ adágún yìí lọ́jọ́ kan, bí mo tilẹ̀ fi àgádágodo mẹ́wàá sí i. Nítorí náà mo fọ ewé kọ̀ọ̀kan, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi èékánná ha ẹyin ìṣáwùrú kúrò, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ewé bí ikun tí ó ní àmì kéékèèké nínú. Ní ọjọ́ kẹrin àwọn kan tún pa nínú dúrọ́ọ̀mù, mo sì tún ṣà wọ́n. Mo pàṣẹ fún gbogbo ilé pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ̀ sínú omi tàbí sí etí rẹ̀, nítorí pé ìtọ̀ ẹni tí ó bá ní àrùn náà lára ni ó ń gbé ẹyin rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìṣáwùrú. Eṣúṣú méjì náà jáde láti inú ẹrẹ̀ òṣíbàtà. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ 23 oṣù Òkúdu

A gbin òṣíbàtà. Ọpọ́n ike ńlá mẹ́sàn-án ni mo lò, mo bu amọ̀ kún ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́ gbòǹgbò náà sí i ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè yọ síta, mo sì da òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí kí ẹja má baà hú u. Ilẹ̀ dúdú orí ààtàn tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, torí pé yóò jẹrà lábẹ́ omi, yóò máa hó, yóò sì ba omi jẹ́. Búlọ́ọ̀kù ni mo kọ́kọ́ gbé àwọn ọpọ́n náà lé, kí omi orí wọn má ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, bí ewé sì ti ń gùn ni mo ń yọ búlọ́ọ̀kù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje ni ó yè nínú mẹ́sàn-án.

Ojú oró ni mo fi ọparun ṣe férémù fún, férémù onígun mẹ́rin tí ó ń léfòó, kí ó má baà rìn kọjá ibi tí mo fún un. Àdúrà tí àwọn àgbà máa ń gbà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì ti ṣe àmín sí i lọ́pọ̀ ìgbà láìronú pé ẹni tí ó bá sin ojú oró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yóò rí bí àdúrà náà ṣe ń gbà. Ó ń ta ìrù sí ẹ̀gbẹ́, ọmọ a sì yọ lórí ìrù náà. Méjìlá di ọgbọ̀n kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé. Ewéko kan tí ó tún yára jù ú lọ, water hyacinth tí ó wọ ọ̀sà wa láti apá Bàdágìrì ní 1984, tí ó sì ti di ìṣòro fún àwọn apẹja títí di òní, ẹnì kan fi lọ̀ mí lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí òdòdó rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́.

Kókò ni a gbìn sí etí omi níbi tí ilẹ̀ ti ń rin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyàwó mi fẹ́ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó sún un sẹ́yìn ní mítà márùn-ún kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà dá amọ̀ lu.

Ọjọ́ 13 oṣù Agẹmọ

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Òṣíbàtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ewé mẹ́ta sí márùn-ún lórí omi, tanwíjí sì pọ̀, ìyá mi kò sì dákẹ́. Dípò kí n dúró di ìgbà tí n ó lọ sí Ìbàdàn lọ ra ọmọ ẹja lọ́dọ̀ àwọn tí ń sìn ín, mo ra epìyà 70 lọ́wọ́ apẹja kan. Wọ́n yè, ara wọn le, wọ́n sì mọ́ra sí omi lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo tún fi abọ́ funfun bu omi níbi mẹ́wàá: tanwíjí kan ṣoṣo ni mo rí. Mo gbé abọ́ náà lọ han ìyá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bá a lọ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù náà ni mo rí i pé ojú eyín ti wà létí ewé òṣíbàtà. Mo rò pé kòkòrò ni. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún oṣù Ògún, igi ewé nìkan ni ó dúró sókè nínú omi, ewé ti tán lórí rẹ̀, koríko abẹ́ omi tí mo gbé níyì náà sì ti lọ pátápátá bí irun tí wọ́n fá.

Mo fi ìwọ̀ mú ẹja kan, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó sanwó. Ikùn rẹ̀ pupa. Orúkọ kan ni àwa ń pe gbogbo wọn, epìyà, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kò dọ́gba. Èyí tí ikùn rẹ̀ pupa, tí wọ́n ń pè ní Tilapia zillii tẹ́lẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó sún un sí abẹ́ orúkọ Coptodon, ewéko gidi ni ó fẹ́ràn láti máa jẹ. Èyí tí mo fẹ́ ni epìyà odò Náílì, Oreochromis niloticus, tí ó ní ìlà gbọọrọgbọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára ìrù rẹ̀, tí èéhù àti ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ omi jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ju ewé lọ. N kò lè bínú sí apẹja náà. Epìyà ni mo ní mo fẹ́, epìyà ni ó sì tà fún mi.

Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, a sì lo àkókò náà. A fi ẹ̀rọ fa omi sí ẹ̀fọ́ àti àgbàdo fún ọjọ́ méjì títí tí ó fi ku ìwọ̀n àyà ọmọdé ní àárín. Àwa mẹ́rin di àwọ̀n mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a tẹ òjé rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, a sì wọ́ ọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹja 58 ni a kó. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wá lo ọlidé fi ìwọ̀ àti ekòló mú mẹ́wàá sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ tí n kò ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó ṣe. Ìyókù méjì wà níbẹ̀ títí di òní, mo sì gbà fún wọn. Gbogbo èyí tí a mú ni ìyàwó mi dín, ilé wa sì ń ta sánsán fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ 31 oṣù Ògún

Mo lọ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo sùn níbẹ̀, kí a lè gbé ẹja ní ìdájí. Akọ epìyà odò Náílì 100, tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gíráàmù 30, ni mo rà. Ìdí tí mo fi ní akọ nìkan ni pé epìyà kì í pẹ́ kó tó bímọ. Abo tí kò tíì tó àtẹ́lẹwọ́ ti lè gbé ẹyin, láìpẹ́ ọmọ yóò kún omi, oúnjẹ kò ní ká wọn, gbogbo wọn kò sì ní tóbi ju ìka lọ. Ẹni tí ó tà á fún mi fi bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n hàn mí: ó yí ẹja dà, ó fi òwú tó kan GV, oògùn egbò tí ó ní àwọ̀ bí aró, kun ìdí rẹ̀ kí ojú ihò lè hàn. Ihò méjì ni ti akọ, ti abo jẹ́ mẹ́ta. Ó ṣe é kíákíá bí ẹni ń ka owó, èmi tí mo gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹja mẹ́wàá sì ṣi mẹ́rin.

Wọn kò fún wọn lóúnjẹ láti àárọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ìgbẹ́ wọn má baà ba omi ojú ọ̀nà jẹ́. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 50 mẹ́ta tí a gé lórí ni a kó wọn sí, omi dé ìdajì, a sì kúrò ní Ìbàdàn ní aago márùn-ún ìdájí. Méjì kú kí a tó dé. Nígbà tí a délé, n kò dà wọ́n sínú adágún bí ẹni da omi nù. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sínú omi títí dé ọrùn rẹ̀, mo jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí omi méjèèjì lè gbóná dọ́gba, mo ń fi ìgò bu omi adágún díẹ̀díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn jáde. Àwọn kan lọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan dúró lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì fún ìgbà pípẹ́ bí àlejò tí kò mọ ilé.

Gbòǹgbò òṣíbàtà tí ẹja àkọ́kọ́ jẹ ewé rẹ̀ kò kú. Márùn-ún nínú méje ti tún yọ ewé tuntun kí oṣù náà tó tán, àwọn ẹja wọ̀nyí kò sì fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ 19 oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Ìjì ọjọ́ 14 fọ́ férémù ojú oró, n kò sì tún un ṣe lọ́jọ́ náà torí pé òjò kò jẹ́. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti bo ju ìdajì adágún lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ojú ọ̀run sì fi ṣú tí oòrùn kò ràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ 19, ní kùtùkùtù, ìyàwó mi ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Bàbá Ṣeun, ẹ wá wo ẹja yín o, wọ́n ń mí hẹlẹ." Gbogbo epìyà ni ó gbé ẹnu sókè omi tí ó ń lanu, tí ó ń pa á dé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé. Ní ọ̀sán ni ewéko ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi. Ní òru, ewéko, ẹja àti ìdọ̀tí tí ń jẹrà ni gbogbo wọn jọ ń mí in. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ń kù jù. Bí oòrùn kò bá ràn fún ọjọ́ mélòó kan, tí ewé tí ó nípọn sì dí ojú omi, gbèsè òru ń pọ̀ ju ohun tí ọ̀sán lè san lọ. Ewé kájú tí ó ti bọ́ sínú omi láti ìgbà ìjì náà tún dá kún un.

A tan ẹ̀rọ kànga, mo so abọ́ tí a dá ihò sí lára mọ́ ẹnu páìpù lókè kí omi lè máa rọ̀ bí òjò sínú adágún, nítorí pé bí omi bá ṣe ń fọ́ káàkiri nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé. Àwọn ọmọ sì ń fi ràkì wọ́ ojú oró jáde. Bárò mọ́kànlá ni a kó, a dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ó fi di aago mẹ́wàá, ẹja ti lọ sí ìsàlẹ̀. Mẹ́rin kú. N kò fún ìyókù lóúnjẹ lọ́jọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Láti ìgbà náà, férémù ojú oró kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ojú omi lọ, ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń gé e, bí mo ṣe ń gé irun ara mi. A na àwọ̀n sábẹ́ ẹ̀ka kájú tí ó yọrí sórí omi.

Ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà

Àrọ̀ 40 dé. Gbogbo ènìyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó bá gbọ́ pé mo ní pọ́ńdì ni ó rò pé àrọ̀ ni mo ń sìn, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé mo mú wọn kẹ́yìn, tí mo sì mú wọn níwọ̀nba. Àrọ̀ dára fún oníṣòwò. Ó ń mí afẹ́fẹ́ òde, kò sì bìkítà fún irú àárọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ṣùgbọ́n nínú adágún tí ó ní ewéko, bí ẹlẹ́dẹ̀ ni ó rí: ó ń tú ẹrẹ̀, ó ń hú ohun tí a gbìn, omi kì í sì í mọ́ lójú rẹ̀ bí ó bá pọ̀. Iṣẹ́ kan ni mo mú wọn wá ṣe, ìyẹn ni láti máa jẹ ọmọ tí epìyà bá bí tí ìyà-akọ-yà-abo bá ti ṣìnà níbì kan. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kéré ju epìyà lọ nígbà tí wọ́n bá dé. Gígùn wọn kò ju ìka ìfábẹ̀lá lọ. Mo yan àwọn tí wọ́n dọ́gba, nítorí pé àrọ̀ tí ó bá tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yóò gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ mì. Kí wọ́n tó wọlé, mo fi wọ́n sínú omi oníyọ̀, gíráàmù márùn-ún iyọ̀ sí lítà omi kan, fún ìdajì wákàtí.

Òjò àrọ̀ọ̀dá tí ó rọ̀ ní ọjọ́ 12 mú kí omi kún àkúnwọ́sílẹ̀, ní àárọ̀ a sì bá àrọ̀ méjì nínú ebè, wọ́n ń fi àyà wọ́ lọ sí ibi tí n kò mọ̀. A dá wọn padà. A ri páìpù kan sí etí kí omi tí ó bá ti pọ̀ jù lè máa gba ibẹ̀ jáde, a sì fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀.

Oúnjẹ wọn ni èyí tí ń léfòó, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní àárọ̀, mo fò ó. Bí omi ṣe ń rí ni mo fi ń mọ̀ bóyá kí n dín in kù: mo so okùn tí mo sàmì sí mọ́ àwo tánńganran funfun, mo ń sọ ọ́ sínú omi, mo sì ń kọ ibi tí ojú mi kò ti rí i mọ́. Láàárín sẹ̀ntímítà 35 sí 50 ni ó máa ń wà. Bí kò bá tó 30, mo dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ 17 oṣù Bélú

Òṣíbàtà àkọ́kọ́ tanná. Funfun ni, òru ni ó sì ń ṣí. Mo ti ń wò ó fún ọjọ́ méjì ní ọ̀sán láìrí nǹkan kan ju ìrudi tí ó di mọ́ra lọ, àfi ìgbà tí ìyàwó mi dìde ní ìdájí láti ponmi, tí ó sì bá a tí ó ti tẹ́ rẹrẹ. Nígbà tí ó di àárọ̀ gan-an, ó tún ti pa dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo rí epìyà kan tí kò bá àwọn yòókù wá jẹun. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bí ẹni tí ó fi omi sẹ́nu. Abo ni, ẹyin ni ó sì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ẹnu ni ìyá epìyà odò Náílì ti ń pa ẹyin rẹ̀, kì í sì í jẹun títí ọmọ yóò fi jáde. Nígbà tí ó di ìparí oṣù, ọmọ bíi ìrẹsì ń rìn lẹ́bàá kókò ní ẹgbẹẹgbẹ́. Ọwọ́ ẹni tí ó yà wọ́n kíákíá bí ẹni ń ka owó náà máa ń ṣìnà. Àrọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, ọmọ lámilámi tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ omi náà sì jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi àwọ̀n kékeré wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo rí mẹ́rìndínlógún péré.

Ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025

Ọyẹ́ mú gidigidi. Omi tutù ní àárọ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò sì tó ìdajì ti oṣù Ọ̀wàrà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo ń fún wọn, ní ọ̀sán. Ọ̀pá tí mo sàmì sí fi hàn pé omi ń fà lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà mẹ́rin lọ́sẹ̀. Lórí adágún tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó báyìí, ìyẹn lé ní lítà 3,500, dúrọ́ọ̀mù 18, kànga wa kò sì lè gbé gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Mo ń fi dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá sí i lọ́sẹ̀, mo sì jẹ́ kí ìyókù lọ. Mo ti gbé ọpọ́n òṣíbàtà mẹ́ta kúrò lórí àtẹ̀gùn sí ibi tí ó jìn sí i.

Awọ́nrínwọ́n kan ti mọ ọ̀nà adágún. Mo rí ipasẹ̀ rẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ati ibi tí ó gbà wọlé lábẹ́ ọgbà ọparun. A fi búlọ́ọ̀kù dí i. Ní ọjọ́ tí mo kọ èyí, mo ka epìyà ńlá 81 nígbà tí wọ́n jáde wá jẹun, n kò lè ka àrọ̀. Àwọn oníkùn pupa méjì náà wà láàárín wọn, wọ́n sì ti sanra.